Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo fi to táńkì M3 Lee oníke

Owó tí mo fi gbé e dé Abẹ́òkúta ju owó ọjà fúnra rẹ̀ lọ, ẹ kọ́kọ́ mọ ìyẹn. Lọ́jọ́ tí mo lọ gbà á ní Láfẹ́nwá, mi ò lè mú un mọ́ra délé. Inú kẹ̀kẹ́ Márúwá ni mo ti ya ọ̀rá ara páálí náà.

Àwòṣe M3 Lee tí èèyàn ń fọwọ́ ara rẹ̀ tò ló wà nínú rẹ̀, táńkì Amẹ́ríkà ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì, ní ìwọ̀n 1/35, ìyẹn ni pé ojúlówó fi ìlọ́po márùndínlógójì gùn jù ú lọ. Ojúlówó rẹ̀ gùn ní mítà 5.64, tèmi gùn tó sẹ̀ńtímítà 16. Kò sí gọ́ọ̀mù nínú páálí, kò sí ọ̀dà, ẹ̀yin lẹ máa wá ìyẹn fúnra yín. Ìwé ìtọ́ni rẹ̀ dára gan-an, àwòrán ni láti òkè délẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, torí mo ní ẹ̀sùn kan lọ́rùn wọn, ó ń bọ̀ níwájú.

Bọ́mà ló jẹ́ kí n yan Lee, tí mi ò fi ra Sherman, táńkì Amẹ́ríkà tó dé lẹ́yìn rẹ̀ tó sì lókìkí jù ú lọ. Bàbá bàbá mi wà lára àwọn tó lọ sógun Bọ́mà, irú táńkì yìí sì jà nínú ogun náà lọ́dún 1944, ní Imphal àti Kohima ní Íńdíà, nítòsí ààlà Bọ́mà, lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì. Ìrísí rẹ̀ ṣàjèjì. Àgbá méjì ló ní: èyí tó tóbi, mílímítà 75, wà lápá ọ̀tún ara ọkọ̀, èyí tó kéré, mílímítà 37, wà nínú ilé orí rẹ̀ tó ń yí. Ogun ń kánjú nígbà yẹn, Amẹ́ríkà kò sì tíì ní ilé orí tó lè gba àgbá 75, ni wọ́n bá fi Lee dí àyè títí Sherman fi dé. 6,258 ni wọ́n ṣe láàárín oṣù Kẹjọ 1941 sí oṣù Kejìlá 1942. Bí ẹ bá ń to àgbá ńlá yẹn mọ́ ara ọkọ̀, ọwọ́ yín gan-an ló máa sọ àléébù rẹ̀ fún yín: ó ń yí díẹ̀ sọ́tùn-ún, díẹ̀ sósì, ó tán. Bí ọ̀tá bá wà lẹ́yìn, àfi kí gbogbo ọkọ̀ yí padà.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni orí ìṣó rẹ̀. Ìṣó ni wọ́n fi kan irin Lee pọ̀ (bí ọta bá bà á, ìṣó lè já kó fò lu àwọn tó wà nínú), gbogbo orí ìṣó wọ̀nyẹn ló sì yọ lára ike, wínníwínní, wọn ò tó ọkà bàbà. Mo fi sáńpépà ha ojú oríkèé kan, ìṣó mẹ́rin bá a lọ. Inú mi bàjẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Nígbà tó yá, mo fi abẹ bẹ́ mẹ́rin lábẹ́ ọkọ̀ níbi tí ojú kì í dé, mo fi orí abẹ́rẹ́ gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo lẹ̀ wọ́n sípò àwọn tó sọnù.

Súpà gúlù tí gbogbo wa mọ̀, ẹ má fi ṣe é. Ó lẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó bu funfun sára ike bí ìyẹ̀fun, òjò tó ń rọ̀ lọ́jọ́ náà sì dá kún un. Gọ́ọ̀mù ike gidi ń yọ́ etí méjèèjì ni, wọ́n á sì di ọ̀kan bí ìgbà tí wẹ́dà bá jó irin pọ̀. Òórùn rẹ̀ le, ẹ ṣí fèrèsé.

Ẹ̀sùn mi rèé: ẹ̀wọ̀n ẹsẹ̀ rẹ̀, èyí tó yí àwọn àgbá ẹsẹ̀ ká tí táńkì fi ń rìn. Rọ́bà dúdú ni, wọ́n ní ká fi orí sukurúdẹ́rẹ́bà gbígbóná yọ́ ọ pọ̀. Lẹ́ẹ̀mejì ni mo ṣe é, lẹ́ẹ̀mejì ló já. Abẹ́rẹ́ àti òwú dúdú ni mo padà fi rán an, mo yí ojú ìrán náà sílẹ̀ níbi tó ti fara kan tábìlì. Ọjà olówó gọbọi kò yẹ kó béèrè èyí lọ́wọ́ ẹni tó rà á. Àgbá kékeré náà tẹ̀ nínú páálí, ṣùgbọ́n omi gbígbóná tọ́ ọ, ìyẹn ò bí mi nínú.

Ọ̀dà ni apá tó dùn jù. Mi ò rí àwọ̀ ewé ṣíṣú tí Amẹ́ríkà fi ń kun táńkì rà, ni mo bá fi dúdú díẹ̀ sínú yẹ́lò, àwọ̀ ewé ló sì jáde lóòótọ́! Ìyá aláró kan tí mo mọ̀ ní Ìtòkú wò ó, ó ní, “Ọmọ mi, a kì í rẹ aṣọ láró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Rẹ ẹ́, yọ ọ́, jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, kó o tó tún un rẹ.” Bí mo ṣe kun ún nìyẹn, ẹ̀ẹ̀mẹrin, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kò sì bo ìṣó kankan mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo fi ọ̀dà búráùn tó ṣàn bí omi kan ìdí ìṣó kọ̀ọ̀kan. Ó sá yí i ká fúnra rẹ̀, gbogbo wọn sì yọ kedere. Eruku pupa ẹ̀yìnkùlé wa ni mo fi aṣọ tín-ín-rín sẹ́ tí mo tẹ̀ mọ́ ẹ̀wọ̀n ẹsẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ parí iṣẹ́ lọ́sàn-án Sátidé kan, kó má rà á. Èmi máa tún un rà, ṣùgbọ́n èyí tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ jẹ́ ike líle ni.

Bàbá mi gbé e lọ sójú fèrèsé. Wọ́n ní, “Ṣé bàbá wa rí irú eléyìí lọ́hùn-ún?” Mo ní ẹgbẹ́ 81 tí wọ́n wà, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ní àfonífojì Kaladan ní Bọ́mà, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn, orí ni wọ́n fi ru ẹrù, ọkọ̀ òfuurufú ló ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn, ọ̀nà ibòmíràn ni Lee gbà. Wọn ò fèsì. Wọ́n fi ìka tọ́ ẹ̀wọ̀n náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, eruku mi sì bá ìka wọn lọ. Fáníṣì ni mi ò tíì kùn. Èyí tí kì í dán ni kí ẹ rà.