Sódà, Pọ́táṣì Tàbí Omi Eérú: Èwo Lẹ Fẹ́ Rà fún Ọṣẹ Yín?

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọṣẹ ṣíṣe, ohun tí wọ́n máa ń sọ fún un ni pé kó lọ ra "kẹ́míkà ọṣẹ." Kò sóhun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mẹ́ta ló wà níwájú yín: kọ́sítíkì sódà, kọ́sítíkì pọ́táṣì, àti omi eérú tí àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń sọ epo di ọṣẹ, àmọ́ ọṣẹ wọn ò jọra.

Sódà ló ń bí ọṣẹ líle tí à ń gé. Ọṣẹ pọ́táṣì máa ń tètè yòrò nínú omi, ìdí nìyẹn tó fi rọ̀, tó sì bá ọṣẹ olómi mu. Ẹni tó bá fi sódà ṣe ọṣẹ olómi, ilẹ̀ á mọ́, á bá a tó dì bí ẹ̀kọ.

Epo tí ẹ ní lọ́wọ́ ló máa sọ iye tí ẹ máa rà. Kílò kan epo pupa ń gba nǹkan bí gíráàmù 141 sódà, kílò kan àdín ń gba 176, òrí ń gba 128. Ẹ fojú sí epo pupa àti àdín níbẹ̀. Bí ẹ bá fi ìwọ̀n àdín ṣe epo pupa, gíráàmù 35 sódà ló máa ṣẹ́ kù tí kò rí epo jẹ, ara ẹni tó bá fi ọṣẹ yẹn wẹ̀ ló sì máa jẹ. Èmi máa ń dín ìdá 5 nínú 100 kù kí ọkàn mi lè balẹ̀: gíráàmù 167 fún kílò kan àdín. Kọ́ọ̀pù àti ṣíbí ò lè wọn èyí. Kí ẹ tó ra sódà rárá, ẹ ra òṣùwọ̀n kékeré tó ń ka gíráàmù.

Pọ́táṣì wọ́n ju sódà lọ, ó sì tún ń pọ̀ ju sódà lọ lórí òṣùwọ̀n: iṣẹ́ tí gíráàmù 100 sódà ń ṣe, nǹkan bí 140 pọ́táṣì ló ń ṣe é. Omi tún wà nínú rẹ̀ láti iléeṣẹ́ wá, nítorí náà ẹ ka ara àpò. Kílò kan àdín ń gba 247 bí pọ́táṣì bá mọ́ pátápátá. Bí wọ́n bá kọ 90 nínú 100 sára àpò, 274 ni kí ẹ wọ̀n.

Orúkọ pọ́táṣì yìí ti da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Mo rán àbúrò mi lọ́jà pé kó bá mi ra pọ́táṣì, káún ló gbé wá. Ẹni tó tà á fún un kò purọ́, "potash" la máa ń pe káún tí a bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ẹbí soda ash, oríṣi sódà kan tí kò lágbára tó kọ́sítíkì, ni káún tí à ń fi se ewédú, kì í ṣe ẹbí kọ́sítíkì. Mo rò ó títí ilẹ̀ fi ṣú, epo ò yé léfòó.

Kọ́sítíkì sódà gidi pàápàá lè di soda ash bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ sí i. Inú àpò kílò 25 ló sábà máa ń wà. Ẹni tó fẹ́ díẹ̀ á ra èyí tí wọ́n ti tú, tí wọ́n wọ̀n sínú ọ̀rá. Ẹ má gba èyí tó ti dì mọ́ra tàbí tó lọ́rinrin. Ẹ yọ́ bíńtín nínú omi, kó tutù, kí ẹ da fínígà lé e dáadáa. Bó bá ń hó ṣùù, ó ti bàjẹ́, tàbí kó jẹ́ soda ash ni wọ́n tà fún yín.

Omi eérú ò ní nọ́ńbà. Wọ́n á sun èèpo kòkó tàbí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, wọ́n á sẹ́ omi gba inú eérú rẹ̀, wọ́n á wá sè é kó ki kí wọ́n tó gbé e pàdé àdín. Agbára rẹ̀ kéré sí ti kọ́sítíkì, eérú òní ò sì dọ́gba pẹ̀lú ti àná, nítorí náà ojú àti ọwọ́ ẹni tó ń se é ni òṣùwọ̀n. Èmi ò ní kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Àmọ́ bí ẹ bá fẹ́ ta ọṣẹ dúdú, eérú ni kí ẹ lò. Ọṣẹ sódà tí wọ́n po èédú mọ́ kì í ṣe ọṣẹ dúdú, ẹ má tà á fún èèyàn lórúkọ yẹn.

Sódà ni kí ẹ dà sínú omi, ẹ má da omi sórí sódà láé. Ìkòkò àlùmíníọ́mù ni mo fi ṣe àkọ́kọ́ tèmi: ó hó, ó dúdú, gáàsì tó ń jáde níbẹ̀ sì lè gbiná. Ike líle tàbí irin tí kì í dípẹtà ló dáa.

Ẹ gbé ike onídèérí dání lọ sọ́jà, kí ẹ kọ orúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sí i lára gàdàgbà. Ẹ má rọ omi sódà sínú ìgò ohun mímu, ojú omi lásán ni ọmọdé máa fi wò ó. Bí ọmọ bá gbé e mì, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má sì jẹ́ kó bì í. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.