Páìpù omi tó fẹ́ kọjá odò: ká gbẹ́ kòtò ni, àbí ká lu ihò?

Kòtò ló rọ awọnlẹ̀ lọ́rùn: bó bá ti wọn bèbè àti ìjìnlẹ̀ odò, iṣẹ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Àwọn tó ń yẹ àyíká wò ni kì í tètè gbà, torí ẹrẹ̀ tí katakátá bá rú sókè á ṣàn lọ bo ẹyin ẹja. Wọ́n lè ní kí iṣẹ́ dúró dìgbà tí ẹja ò yé.

Lílu ihò gba abẹ́ odò kọjá, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ pọ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbẹ́ ilẹ̀ wò. Bó bá jẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ ló wà nísàlẹ̀, bẹ́ńtónáìtì, ìyẹn amọ̀ tí wọ́n ń pò mọ́ omi fún sínú ihò kó má baà wó, lè ru jáde sínú odò. Níbi tí ilẹ̀ bá ṣù pọ̀ dáadáa, èmi á ní kí wọ́n lu ú. Odò tó ń gbẹ lẹ́ẹ̀rùn, kòtò ti tó o.