Ṣé kí n máa kọ̀wé ní wákàtí kan náà lójoojúmọ́, àbí ìgbà tó bá wù mí?

Mo ti gbìyànjú méjèèjì. Kí èèyàn máa dúró de ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá gbóná lọ́kàn dùn púpọ̀: odindi àpilẹ̀kọ lè parí lóru ọjọ́ kan. Àmọ́ ó lè tó oṣù mẹ́ta kí òmíràn tó dé.

Ti wákàtí kan náà lójoojúmọ́ kò dùn tó bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ míì, ìlà mẹ́ta péré ni mo máa ń rí kọ, màá sì pa méjì rẹ́. Anthony Trollope, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́ tó tún ń ṣiṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́, a máa jókòó ní aago 5:30 àárọ̀, a gbé aago ka iwájú ara rẹ̀, a sì máa kọ ọ̀rọ̀ 250 ní ìṣẹ́jú 15 kọ̀ọ̀kan. (Èmi kò le tó yẹn o!) Ọgbọ́n tèmi ni pé mo máa ń fi gbolóhùn ìkẹyìn sílẹ̀ láìparí, ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Wákàtí kan náà lójoojúmọ́ ni mo yàn.