Àmàlà Garki: ọbẹ̀ dùn, àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún ata

Ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án 2023 ni mo kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù yìí, ọjọ́ tí wọ́n dá ẹjọ́ ìdìbò ààrẹ. Tẹlifíṣàn ń gbé ìdájọ́ náà, ṣùgbọ́n ariwo àwọn tó ń jẹun bo ohùn adájọ́ mọ́lẹ̀. Mo ní kí wọ́n bu àmàlà méjì, ṣàkì kan, bọ̀kọ́tọ̀ kan.

Ìyá yìí mọ àmàlà ro! Wọ́n á ti igbá kékeré bọ omi, wọ́n á bu àmàlà sí i, wọ́n á mì ín yípo lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á bọ́ sínú abọ́ rogodo, kò ní kókó kan. Gbẹ̀gìrì wọn kúnná, o ò ní rí èèpo ẹ̀wà níbẹ̀.

Ọmọkùnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní ojú ará ìlú ni adájọ́ ń wò. Ó mẹ́nu ba pátákó tí wọ́n gbé sí ìgboro Àbújá lóṣù tó ṣáájú, tó ní gbogbo ojú ń bẹ lára àwọn adájọ́, tí ARCON, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ìpolówó ọjà, ní kí wọ́n gbé kúrò. Mo gbé òkèlè mì. Mo ní, "Àbúrò, ọdún 22 ni mo fi ṣe akọ̀wé kóòtù. Ọjọ́ 180 péré ni òfin fún wọn láti parí ẹjọ́ yẹn. Ohun tí lọ́yà kò bá kọ sínú ìwé ẹ̀sùn, adájọ́ kò lè bá a kọ ọ́. Ibi tí kóòtù tó ga jù lọ bá sì ti là á sí, ibẹ̀ ni yóò gbà, ì báà dùn, ì báà kan."

Àmọ́ n kò ní purọ́, ariwo ará ìlú ń wọ adájọ́ létí. Níjọ́ kan tí èrò kún ìta kóòtù wa nítorí béèlì, ẹ̀ẹ̀mejì ni ọ̀gá mi, adájọ́ kóòtù wa, ní kí n lọ yọjú ní fèrèsé. Ìpinnu tí wọ́n ti fọwọ́ ara wọn kọ tán látàná, wọn ò kà á, wọ́n sún un sí ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí a padà, ìpinnu kò yí, ṣùgbọ́n ojú ìwé 4 ti di 19, wọ́n ń to ẹsẹ̀ òfin lé ara wọn bí ẹni ń mọ odi. Èyí tí wọ́n ń kà lórí tẹlifíṣàn yẹn náà, ilẹ̀ ṣú kó tó parí.

Ìyá olóúnjẹ ò ní sùúrù yẹn. Àwọn awakọ̀ ṣáà ń pariwo pé ata kò tó. Ìgbà tí mo máa padà lọ́sẹ̀ kejì, ata ti gba omi lójú mi. Wọ́n ní, "Bàbá, ẹ máà bínú, àwọn ló pọ̀ jù." Ta ni mo fẹ́ pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sọ́dọ̀ ẹ̀?

Omi ìfọwọ́ wọn mọ́, àga wọn ń mì. Ẹ tètè lọ, ṣàkì kì í kọjá aago méjì.