Àwọn Àwo Tine Thing Helseth: Èwo Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Gbọ́?

Àwo àkọ́kọ́ tí obìnrin afọntrumpet ọmọ Oslo ní Norway yìí ṣe ṣì ni mo fi ń ṣíwájú: Trumpet Concertos, tí ilé-iṣẹ́ àwo Simax gbé jáde ní 2007, òun pẹ̀lú Norwegian Chamber Orchestra. Concerto ni orin tí ohun èlò kan ti ń ṣíwájú, tí ọ́kẹ́sírà ń gbè é. 1987 ni wọ́n bí i, ẹ wá ṣírò ọjọ́ orí rẹ̀. Haydn, Albinoni, Neruda àti Hummel ló ni orin inú rẹ̀.

Ti Haydn ni ọ̀gá wọn. Ní 1796 ló kọ ọ́ fún Anton Weidinger, ẹni tí trumpet tirẹ̀ ní ihò lára, tí ìka sì ń ṣí ọmọrí orí ihò náà. Trumpet ayé ìgbà yẹn kò ní ihò, kò ní bọ́tìnì. Ètè àti èémí nìkan ni wọ́n fi ń wá ohùn, àwọn ohùn ìsàlẹ̀ sì jìnnà síra. Ìdí nìyí tí apá kejì, Andante, fi ṣe pàtàkì: ibi tí trumpet àtijọ́ ti ń fo ohùn ni orin náà ti ń rìn jẹ́jẹ́. Àwọn kan a máa fi ibẹ̀ sinmi ètè de apá kẹta. Helseth kò sinmi. Èémí kan ló fi ń gbé gbólóhùn orin délẹ̀, ohùn tó gbẹ̀yìn kì í sì í rọ.

Ní kíì E ni Hummel kọ tirẹ̀ ní 1803, ṣùgbọ́n ní E-flat, tó rẹlẹ̀ díẹ̀ sí i, ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fọn ọ́ lónìí. Bí ìwé orin yín kò bá bá ohun tí ẹ ń gbọ́ mu, trumpet yín kò bàjẹ́. Ẹ̀yin afọntrumpet ṣọ́ọ̀ṣì tó fẹ́ gbìyànjú rẹ̀, ẹ ṣọ́ ohùn D ìsàlẹ̀: bí ẹ bá tẹ bọ́tìnì kìíní àti ìkẹta pọ̀, páìpù wọn kò gùn tó, ohùn á yọ sókè. Ẹ fi ìka fa páìpù bọ́tìnì kẹta síta díẹ̀.

Neruda àti Albinoni kò kọ tiwọn fún trumpet. Ìwo ọdẹ ni Neruda ní lọ́kàn. Wọ́n dára, ó tán.

Storyteller (EMI Classics, 2011), pẹ̀lú Royal Liverpool Philharmonic, ni àwo tí àwọn tí kì í gbọ́ irú orin yìí máa ń fẹ́ràn. Orin ẹnu ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ló ń jẹ́ kí ẹsẹ kejì orin yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Tí trumpet bá gba iṣẹ́ akọrin, ọ̀rọ̀ ti lọ nìyẹn. Nítorí náà, mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà tó. Bí ẹ bá gbọ́ ọ tán pọ̀, gbogbo rẹ̀ á máa jọra.

Èyí tó wúwo jù lọ́wọ́ mi ni Tine (2013), òun àti Kathryn Stott tó ń tẹ dùùrù. Sonata Hindemith ti 1939, orin fún trumpet àti dùùrù, wà níbẹ̀. Apá kẹta rẹ̀ jẹ́ orin ìsìnkú, orin ìsìn Jámánì kan nípa ikú ló sì fi parí. Kò sí ọ́kẹ́sírà tí afọntrumpet lè sá sí lẹ́yìn. Bí ètè bá ti rẹ̀, gbogbo ayé á gbọ́.

Bí ẹ bá ń gbọ́ ọ lórí fóònù, ẹ pa shuffle, torí apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta concerto kì í wà lójú kan. Ẹ lo earpiece tó dára pẹ̀lú, spíkà fóònù kì í gbé ohùn ìsàlẹ̀ àwọn ohun èlò olókùn jáde dáadáa. Orúkọ Warner lè hàn lára àwọn àwo EMI, torí Warner ra EMI Classics ní 2013. Tí ẹ bá sì fẹ́ ẹgbẹ́ obìnrin mẹ́wàá afọn ohun èlò idẹ tí Helseth dá sílẹ̀ ní 2007, tenThing ni kí ẹ tẹ̀.