Ọ̀nà méjì sí òmìnira: Gínì àti Dàhòmì

Nígbà tí ìjọba Faransé bi àwọn ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1958 bóyá wọ́n fẹ́ wà nínú àjọṣe tuntun pẹ̀lú òun, Gínì kọ̀, ṣùgbọ́n Dàhòmì tiwa (tí à ń pè ní Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ lónìí), láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) dé Kétu, gbà. Lọ́jọ́ 2 oṣù Kẹwàá, Gínì ti dòmìnira lábẹ́ Sékou Touré. Faransé sì kó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ, ó dá ìrànwọ́ dúró, ìjọba tuntun sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo. Dàhòmì dúró di ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ ọdún 1960, Hubert Maga di ààrẹ, owó sẹ́fà tí à ń ná lábẹ́ Faransé kò sì yí padà.

Ìgboyà Gínì wú mi lórí gan-an, ṣùgbọ́n Touré kò fàyè gba alátakò, ó sì wà lórí oyè títí ó fi kú ní 1984. Sùúrù tiwa náà kò mú ìdúróṣinṣin wá, nítorí ológun gba ìjọba ní oṣù Kẹwàá ọdún 1963.

Ohun tó dùn mí jù ni pé òmìnira kò fọwọ́ kan ààlà: Kétu wà níhìn-ín, Ìmẹ̀kọ tó jẹ́ ẹbí rẹ̀ sì wà ní Nàìjíríà.