Leaflet: Ó fúyẹ́, àmọ́ tí o bá ṣìṣe, ó máa ń dákẹ́ ni

Máàpù àkọ́kọ́ tí mo fi Leaflet, àkójọ kóòdù JavaScript tí wọ́n fi ń gbé máàpù sójú-ewé ayélujára, ṣe, wákàtí méjì gbáko ni mo fi tẹjú mọ́ ojú-ewé tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Kóòdù mi pé. Mo ṣí console, ibi tí bíráwúsà ti ń kọ àṣìṣe kóòdù sí, wò, kò sí ohun pupa kankan níbẹ̀. Àṣé mi ò tíì sọ bí div, ìyẹn àpótí tó gbé máàpù náà lójú-ewé, ṣe máa ga tó nínú CSS, èdè tí wọ́n fi ń ṣètò ìrísí ojú-ewé, ni. Máàpù ti wà níbẹ̀ látọjọ́, kò kàn ríbi yọjú ni. Mo kọ height: 400px, wéré ló yọ.

Ẹjọ́ tí mo ní bá a nìyẹn. Tí o bá gbàgbé fáìlì leaflet.css, àwòrán á kàn fọ́n ká sójú-ewé bí ìwé tí atẹ́gùn gbé. Tó bá jẹ́ inú tab tó ṣì wà ní pípadé lo fi máàpù sí, bí wọ́n bá ṣí i, apá kan á hàn, ìyókù á ṣófo, àfi kó o pe invalidateSize(), àṣẹ tó ń ní kó tún ìwọ̀n ara rẹ̀ wò.

Èyí tó tún wá burú jù ni ti latitude (nọ́ńbà àríwá sí gúúsù) àti longitude (nọ́ńbà ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn). Leaflet ń fi latitude ṣáájú, longitude ló ń ṣáájú nínú GeoJSON, irú fáìlì tí wọ́n ń kọ ibi orí máàpù sí. L.geoJSON mọ bó ṣe ń tún un tò fúnra rẹ̀, àmọ́ tó o bá ń fọwọ́ ara rẹ fa nọ́ńbà jáde fún L.marker, àṣẹ tó ń fi àmì sórí máàpù, o ti dáràn. London tó wà ní [51.505, -0.09], yí i padà, inú Òkun Íńdíà lo máa bá a, ní ìlà-oòrùn Sòmálíà. Odidi fáìlì ni mo ti kó sínú omi bẹ́ẹ̀ rí!

Kí ló wá dé tí mi ò tíì fi í sílẹ̀? Ó fúyẹ́ ni. Volodymyr Agafonkin, ọmọ Ukraine, ló gbé e jáde lọ́dún 2011, títí di òní JavaScript rẹ̀ ò ju nǹkan bíi 42 KB lọ tí wọ́n bá fún un pọ̀. L.map fún máàpù, L.tileLayer fún àwòrán ilẹ̀, L.marker fún àmì, bindPopup fún ọ̀rọ̀ tó ń yọ tí wọ́n bá tẹ àmì, iṣẹ́ ti parí. Ìka méjì lórí fóònù á máa fà á tóbi láìjẹ́ pé mo kọ nǹkan kan sí i. Ọ̀fẹ́ ni, ẹni tó ń fi í ṣòwò pàápàá kò ní sanwó.

Àwòrán ilẹ̀ gan-an kì í ṣe ti Leaflet o. OpenStreetMap ni mo ń lò, èyí táwọn èèyàn ti ń fọwọ́ ara wọn yà láti ọdún 2004. Oníbàárà kan ní kí n yọ orúkọ wọn kúrò ní igun ìsàlẹ̀, pé ó ń ba ẹwà jẹ́. Mo kọ̀ jálẹ̀: owó tí wọ́n gbà nìkan ṣoṣo nìyẹn. Sáfà wọn náà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń fi àwòrán ránṣẹ́, ọrẹ ló ń gbé e ró. Tí èrò bá máa pọ̀ lójú-ewé rẹ, wá tile, ìyẹn àwọn ègé àwòrán ilẹ̀ náà, gbà níbòmíì.

Nígbà tí àmì mi tó bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Plugin, ìyẹn àfikún kóòdù, tó ń jẹ́ Markercluster ló gbà mí, ó kó wọn jọ sínú róbótó-róbótó tó ní nọ́ńbà láàárín.

Àwọn kan á ní kí n lọ sí MapLibre, àkójọ kóòdù máàpù mìíràn, torí máàpù rẹ̀ ń yí, ó ń dà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lóòótọ́ ni. Àmọ́ kí n torí ibi mẹ́wàá tí mo fẹ́ fi han èèyàn gbé gbogbo ìyẹn wá? Tírélà la gbà láti fi kó àpò iyọ̀ kan.